Ṣé oògùn ni Ògèdèǹgbé fi jagun ni, àbí ìbọn tó gba ọ̀nà Oǹdó wá?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ ìlú wa, abúlé kan tí kò jìnnà sí Iléṣà. Eré Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́, la fẹ́ ṣe lọ́dún yìí, ìjà sì ti dé. Àwọn àgbà ní ká yìnbọn lu ẹni tó máa ṣe Ògèdèǹgbé lójú agbo, kí ọta máa já bọ́ lára rẹ̀ bí ẹ̀kùrọ́. Ọ̀kan nínú wa tó ti Èkó wálé ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ó ní ẹrú ará Ìbàdàn ni bàbá náà nígbà kan, ó tún ní ajínigbé ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá a létí. Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

*

Ẹ má gbá a létí o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló kàn mú.

Atọrin, ìtòsí Iléṣà, ni wọ́n bí Ògèdèǹgbé sí. Òrìṣàráyíbí ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí ọwọ́ ogun Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì mú un lọ sílé. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa láti kékeré ni pé Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ ọ́ nílà. Ẹni tí ogun bá mú, ẹrú ni lójú ẹni tó mú un, kò sí aṣọ tá a lè fi bo ìyẹn. Ibi tí arákùnrin ará Èkó yẹn kò dé ni ohun tó ti inú ìgbèkùn náà jáde. Ìbàdàn ayé ìgbà yẹn, ilé ìkọ́ṣẹ́ ogun ni. Ẹni tó bá gbé àárín wọn, tójú rẹ̀ sì là, á mọ bí wọ́n ṣe ń pa bùdó, bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ ogun sábẹ́ olórí, àti ìgbà tí wọ́n ń sá tí kì í ṣe pé ẹ̀rù ló bà wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gágun tó wá bá Ìbàdàn jà ní Kírìjí, ogun tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì fi já ara wọn gbà lọ́wọ́ Ìbàdàn, ọwọ́ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ògèdèǹgbé wà lára wọn. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣe eré yín, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀: ọmọkùnrin kan tí wọ́n dè lọ́wọ́, tí kò sunkún, tó kàn ń wò wọ́n.

Ní ti ayẹta, n kò ní bá àgbà jiyàn bóyá oògùn ń jẹ́ tàbí kò jẹ́. Ìbéèrè mi kò tó bẹ́ẹ̀. Ta ló lọ sógun láyé ìgbà yẹn tí kò so nǹkan mọ́ra? Ìjẹ̀ṣà wọ ẹ̀wù oògùn, Ìbàdàn wọ̀ ọ́, Ìlọrin so tírà. Ohun tí gbogbo wọn jọ ní, báwo la ṣe fẹ́ fi ṣàlàyé ohun tẹ́nì kan ṣe tẹ́nì kejì kò lè ṣe? Lọ́dún 1870 tí Ìbàdàn kó Iléṣà, ṣé oògùn Iléṣà lọ sùn ni?

*

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ti bí àwọn òǹkàwé méjì nínú. Ọ̀kan ní mo ń fi àwọn babańlá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí n wá sọ ohun tó dá Ìbàdàn dúró bí kì í bá ṣe oògùn.

Ó dáa. Ìbọn ni.

Ọdẹ ni bàbá àgbà mi. Bó ṣe máa ń kì ṣakabùlà rẹ̀ kò tíì kúrò lójú mi. Á gbé ìdí ìbọn lélẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹ̀tù, á dà á sí ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á fi àkísà tẹ̀ lé e, á wá fi ọ̀pá gún un, gbì gbì gbì, á da ọta sí i, á tún fi àkísà dí i, á tún gún un. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í mo ń kà á lọ́kàn, ení, èjì, ẹ̀ta. Mo kà á dé ogójì kó tó gbé e sójú. Bí òjò bá sì ti kán sí ẹ̀tù yẹn, ó di kó tún un kì.

Irú ìbọn báyìí ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń yìn. Àwọn tó yí i padà kò sí lójú ogun rárá, Èkó ni wọ́n wà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, àti ọmọ wọn, tí wọ́n ti Sàró àti Brazil padà bọ̀, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kóra jọ sínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀. Wọ́n dáwó, wọ́n ń ra ìbọn tí wọ́n ń ti ìdí kì. Ki ọta sí ìdí rẹ̀, pa á dé, yìn ín. Kò sí àkísà, kò sí ọ̀pá. Ẹni tó bá ń kà á á kà dé márùn-ún péré.

Ọ̀nà wo ló gbà dé? Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ti ọ̀nà tiwọn mọ́ Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Ìbàdàn ì bá gbà ra ìbọn àti ẹ̀tù l'Ékòó. Ẹrù ti Èkìtìparapọ̀ gba orí ọ̀sà lọ sápá ìlà-oòrùn, ó gba inú igbó dé Oǹdó, ó ti Oǹdó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀nà Oǹdó yẹn, ọdún 1872 ni ìjọba Èkó ti ṣí i, ọdún bíi mélòó kan kí ogun tó gbóná. Ìbọn wọ̀nyẹn ló ń dún láàárín òkè, kírìjí, kírìjí, tí wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Kò sẹ́ni tó sọ ogun náà ní orúkọ oògùn.

Ẹni tó bá sì ní ayẹta nìkan ló ṣe é, kó sọ ìdí tí wọ́n fi ń dáwó l'Ékòó fún mi.

*

Ọmọ Òkèmẹ̀sí kan ti dé, ó ń bínú gidi: "Ògèdèǹgbé, Ògèdèǹgbé! Ta ló bẹ̀rẹ̀ ogun náà? Ta ló ń jà á nígbà tí Ògèdèǹgbé yín jókòó síbòmíràn?"

Ó jàre, láìkù síbì kan. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí ló bẹ́ orí Oyèpẹ̀tun, ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn. Ẹ mọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ jẹ́: àjèjì tí wọ́n fi jẹ ọ̀gá lé yín lórí, tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ oko olóko, tó ń mú ewúrẹ́ tó wù ú, tó ń na ọwọ́ sí ìyàwó oníyàwó. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni wọ́n ní ó fa ti Fábùnmi. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìlú Èkìtì mìíràn pa ajẹ́lẹ̀ tiwọn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Ìbàdàn lu àwọn Ìlá, Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nílùkulù ní Ìkìrun, àwọn tó ń sá já sódò Ọ̀tìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ogun Jálumi. Bí ogun ì bá ṣe tán níbẹ̀, a ò ní gbọ́ orúkọ Kírìjí. Fábùnmi àti àwọn tó kù ló tún un gbé dìde.

Níbo ni Ògèdèǹgbé wà? Ìta-Ògbólú, lápá Àkúrẹ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n tún ránṣẹ́, kò yára dìde. Nígbà tó wá dé, òun ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun, Fábùnmi sì ṣe abẹ́ rẹ̀. Èmi gbà pé èyí tí Fábùnmi ṣe yìí le ju bíbẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ẹ wo ìgbìmọ̀ ọjọ́ ìlú, ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹnì kan ti dìde lórí àga alága rí fún ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé.

Nítorí náà, ẹni tó béèrè, ẹ fi Fábùnmi síbẹ̀. Ẹ má fi ṣe ẹni tó ń gbé àpótí tẹ̀ lé Ògèdèǹgbé.

*

Àwọn kan ti ń bú ara wọn lórí bóyá Ìjẹ̀ṣà jẹ́ Èkìtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìyẹn lọ síbòmíràn.

*

Mo ti ń retí ẹni tó máa sọ èyí, ọmọ Àkókó kan ló wá sọ ọ́: "Lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í fi orúkọ yẹn ṣe ọdún. Òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ tí kò bá fẹ́ sùn."

Àkókó ni ìyàwó mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ kí àwọn àna mi, ìyá àgbà kan lọ́dọ̀ wọn béèrè ìlú mi. Mo ní Ìjẹ̀ṣà ni mí, ma. Ìyá wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ìwọ nìkan lo wá? Okùn ńkọ́?" Gbogbo ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Alẹ́ ni ìyàwó mi tó ṣàlàyé fún mi pé okùn tí wọ́n fi ń so ẹrú ni.

Láàárín ìgbà tí Iléṣà fọ́ àti ìgbà tó lọ sí Kírìjí, Ògèdèǹgbé ń jagun kiri ìlà-oòrùn, Àkókó àti agbègbè Ọ̀wọ̀ wà lára ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Ó jó ìlú, ó kó èèyàn. Ọmọ ogun ń jẹun, ìbọn kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹrú sì ni owó. Ohun tí Ìbàdàn ṣe fún un nígbà èwe rẹ̀ náà ló lọ ń ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó pè é ní ajínigbé nínú ìgbìmọ̀ yín, ẹnu Àkókó ló fi sọ̀rọ̀, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Wọ́n máa ń dáhùn pé gbogbo jagunjagun ayé ìgbà náà ló ń kó ẹrú. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ fún ìyá àgbà yẹn.

*

Kí n ya bàrà díẹ̀. Ẹnì kan béèrè bóyá ibi tí wọ́n ti jà á ṣì wà. Ó wà. Àárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni, nípìńlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan tó gbà láti mú mi dé ẹsẹ̀ òkè. Mo ti rò pé màá rí pápá gbalasa bíi ti inú fíìmù. Òkè ni, òkè, àfonífojì, koríko tó ga jù mí lọ, òkúta tó ń yọ̀. Mo gun ún ní ìdajì wákàtí, eékún mi ń gbọ̀n. Mo dúró, mo wo òdìkejì, mo rí i pé ẹni tó bá pariwo níhìn-ín, wọ́n á gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Èkìtìparapọ̀ wà lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn wà lápá Ìgbájọ. Ọdún tí wọ́n fi kọjú síra báyẹn lé ní mẹ́fà. Wọn kì í jà lójoojúmọ́. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ta ló ń gbé oúnjẹ gun òkè yẹn? Ta ló ń pọn omi? Nínú gbogbo eré Ògèdèǹgbé tí mo ti wò, n kò rí obìnrin kan tó ru nǹkan kan rí, àfi èyí tó ń sunkún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà náà bi mí bóyá mo rí góòlù.

*

Ìgbájọ tí mo dárúkọ yẹn ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n sì wà. Ogun kì í gba ojú ààlà tá a yà lónìí.

Ará Ìbàdàn kan kọ̀wé pé: "Ẹ máa ṣọdún yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ ẹni tó ṣẹ́gun wa." Kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun yín, ẹ̀yin náà kò sì ṣẹ́gun ẹnì kan. Ààrẹ Látòósà tó kó yín lọ, inú bùdó ló kú sí ní 1885. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, níwájú àwọn aṣojú ìjọba Èkó, wọ́n kéde àdéhùn: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di olómìnira, kò sí ajẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀tan, Ìrẹsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì dáná sun bùdó méjèèjì. Ilé tí wọ́n ti bí ọmọ sí, ọgbà ilá, gbogbo rẹ̀ jóná. Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì ń jà ní Ọ̀fà lẹ́yìn náà, 1893 ni gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni àwọn tó ń kà á láti 1877 fi ń sọ pé ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tá a mọ̀ lórí èyí, ọwọ́ Àlùfáà Samuel Johnson la ti gbà á. Òun àti Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó ni wọ́n ń rán láàárín bùdó méjèèjì láti wá àlàáfíà. Ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tán ní 1897, kò jáde títí di 1921. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Ìbàdàn ló dàgbà sí. Mo fẹ́ràn ìwé náà, mo sì máa ń rántí ibi tó jókòó sí nígbà tó ń wo àwa.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ní 1894, ogun ti tán, àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé kò níṣẹ́ mọ́, wọ́n ń yọ àwọn ará ọ̀nà lẹ́nu. Captain Bower, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn, wá mú Ògèdèǹgbé n'Iléṣà, ó gbé e kúrò nílùú. Ẹni tí ọta kò mú, ọ̀gá sójà kan ló mú un. Ilé ìṣọ́ tó ga lórí Òkè-Ààrẹ n'Ìbàdàn, tí wọ́n kọ́ ní 1936, tí ẹ máa ń gùn lọ ya fọ́tò, ìrántí Bower yẹn ni. Ògèdèǹgbé ní ère n'Iléṣà, ẹni tó mú un ní ilé ìṣọ́ n'Ìbàdàn.

*

Ẹni tó béèrè ti padà wá: "A ti ka gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Àwọn bàbá ti gbà kí Fábùnmi wọlé. Wọ́n gbà kí obìnrin ru oúnjẹ. Àmọ́ ti ìbọn yíyìn, wọn ò gbà ká fi í sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tù lásán ni, kò ní ọta nínú."

Rárá. Ibí yìí ni mi ò ti ní fi ẹ̀rín sí i.

Mo wà níbi ọjọ́ ìlú kan, n kò ní dárúkọ ìlú náà, tí wọ́n ti ṣe "ẹ̀tù lásán". Ẹ rántí àkísà tí mo ní bàbá àgbà mi fi ń dí i? Kò sí ọta, ṣùgbọ́n àkísà wà. Àkísà náà gbiná, ó jáde pẹ̀lú ẹ̀tù, ó lọ bá itan ọmọkùnrin tó ń ṣe jagunjagun. Ó tó ogún ìṣísẹ̀ sí ẹni tó yìn ín. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni, títí ìyá rẹ̀ fi sáré wọ agbo. Òórùn ẹran jíjó yẹn kò tíì kúrò nímú mi. Ẹni tó wọ ayẹta lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn. Ó yè, ó ń tiro díẹ̀.

Ẹ gbé ìbọn sílẹ̀ sílé. Ẹ pe àwọn onílù. Bàtá lè dún kírìjí ju ìbọn lọ, ẹ jẹ́ kí ìyá ìlù dá a láti apá kan agbo, kí omele dáhùn láti apá kejì, bí òkè méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí àwọn bàbá bá ṣì fẹ́ ayẹta, kí Ògèdèǹgbé wọ ẹ̀wù oògùn rẹ̀ jó, kí wọ́n kì í dáadáa. Ṣùgbọ́n kí àwọn méjì gbé àpótí ìbọn wọlé láti ẹ̀yìn agbo nígbà tó ń jó, pẹ̀lú aṣọ ará Èkó lọ́rùn, kí wọ́n sì bi olórí pé ta ló máa san owó ọ̀nà.

*

"Ìparí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ká jẹ́ kó wọlẹ̀ ni?"

Kò wọlẹ̀. Ó kú ní oṣù Keje ọdún 1910, àgbàlagbà ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá a sílẹ̀, ó padà sílé. Wọ́n ní wọ́n fi orí ìtẹ́ Ọwá, ọba Iléṣà, lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Ẹni tó wá jọba ní 1896 ni Ajímókò Kìíní, Frederick Haastrup, oníṣòwò, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ọ̀kan lára àwọn Ìjẹ̀ṣà Èkó tí mo ti ń sọ látàárọ̀. Ní 1898, Ògèdèǹgbé gba oyè Ọbańlá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn parí eré yín: ará Èkó lórí àga, jagunjagun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń wo agbo.

*

"A ti rí ẹni tó máa ṣe Ajímókò, ẹ̀gbọ́n. Arákùnrin ará Èkó tí wọ́n fẹ́ gbá létí náà ni. Ó ní òun ní kóòtù dúdú àti fìlà tó bá a mu, àmọ́ ó ní kí ìgbìmọ̀ san owó ọkọ̀ òun."

Ẹ san án.